Mọ́tò ò sìtáátì mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n fi páátì tuntun sí i: ìbéèrè yín àti ìdáhùn ríwáyà

Tòkunbọ̀ ló pọ̀ jù nínú mọ́tò tó wà lójú títì wa, bó bá sì ti dé báyìí, a kì í fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹnì kan fẹ́ aláàmù, ẹlòmíì fẹ́ rédíò ńlá tó ń ṣe bíi fóònù, ẹlòmíì gbé tiẹ̀ lọ fi gáàsì CNG sí i. Tó bá wá di àárọ̀ ọjọ́ kejì, tí wọ́n yí kọ́kọ́rọ́ tí kò dáhùn, ìgbà náà ni wọ́n máa pe ríwáyà, ẹni tó ń tún wáyà àti iná mọ́tò ṣe. Iṣẹ́ yẹn ni mò ń ṣe. Àwọn ìbéèrè tí mò ń gbọ́ jù nìyí, pẹ̀lú bí mo ṣe máa ń dáhùn wọn. Toyota ni àpẹẹrẹ mi pọ̀ sí, torí òun ló pọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ páátì kan lára mọ́tò mi, kò sìtáátì mọ́. Kí ni kí n kọ́kọ́ rà?

Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ibi tí ọwọ́ dé kẹ́yìn ni ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀. Mọ́tò tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ọgbà mẹkáníìkì, tí kò wá lè jáde mọ́, kì í sábà jẹ́ pé àìsàn tuntun yọ́ wọ inú rẹ̀ láàárín wákàtí méjì. Inú iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ni ọ̀rọ̀ wà. Páátì tí wọ́n fi sí i gan-an lè má jẹ̀bi. Kí ọwọ́ tó dé ìdí púlọ́ọ̀gì, wọ́n á ti tú ilé fílítà, wọ́n á ti fa sọ́kẹ́ẹ̀tì sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ yọ, wọ́n á ti tẹ wáyà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹyọ kan tí wọ́n gbàgbé láti dá padà ti tó. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tọ ipa iṣẹ́ yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: sọ́kẹ́ẹ̀tì wo ló ń mì, páìpù wo ló yọ, wáyà wo ló há sábẹ́ irin.

Tí páátì àtijọ́ bá ṣì wà, tí kò sì tíì kú pátápátá, ẹ dá a padà síbẹ̀ ná. Mi ò mọ ìdánwò tó dájú ju ìyẹn lọ, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn oníbàárà pé kí wọ́n gba páátì àtijọ́ wọn lọ́wọ́ mẹkáníìkì.

Mẹkáníìkì bi mí lórí fóònù pé “báwo ló ṣe ń ṣe?” Kí ni kí n sọ fún un?

Ẹ sọ ohun tí etí yín gbọ́. Bí iná dáṣíbọ́ọ̀dù bá tàn, tí ẹ yí kọ́kọ́rọ́ dópin tí mọ́tò dákẹ́ lọ lọ lọ, ọ̀rọ̀ wáyà sìtátà, rílè (súìṣì kékeré tí iná fúnra rẹ̀ ń ṣí tó ń tì), súìṣì gíà tàbí aláàmù ni. Tó bá dún “kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́” tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ń kú tó ń jí, bátìrì ò lágbára, tàbí orí bátìrì ò mú dáadáa. Tó bá dún “gbọ́!” lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó sì dákẹ́, ẹ fura sí sìtátà fúnra rẹ̀ tàbí áàtì, ìyẹn wáyà tó so orí òdì bátìrì mọ́ irin mọ́tò àti ẹ́ńjìnnì. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí dáadáa àmọ́ tí kò gbaná, ẹ fi bátìrì àti sìtátà sílẹ̀, iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń ṣe yẹn. Iná púlọ́ọ̀gì, epo, sẹ́ńsọ̀ tàbí kọ́kọ́rọ́ tí mọ́tò ò dá mọ̀ ló kù.

Ẹni tó bá ní “kò sìtáátì” lásán kò tíì sọ nǹkan kan. Mo ti rí ẹni tó ra sìtátà fún mọ́tò tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí geere.

Bátìrì tuntun ni mo fi sí i, síbẹ̀ kò yí. Ṣé bátìrì tuntun náà lè kú ni?

Ó lè kú, ó sì lè ti pẹ́ lórí àtẹ. Ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n. Bátìrì tó kún, tó ti sinmi, máa ń wà ní fọ́ọ̀tì 12.6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Tó bá jẹ́ 12.2, ó ti lọ sí bí ìdajì. Tí ẹlòmíì bá ń yí kọ́kọ́rọ́, tí ẹ rí i pé ó já wá sísàlẹ̀ 9.6, kò lè gbé sìtátà.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dá a padà fún ẹni tó tà á, ẹ wo orí rẹ̀. Bátìrì olórí tín-ínrín wà, olórí ńlá náà wà. Ọ̀pọ̀ mọ́tò Japan ló ń lo orí tín-ínrín. Tí wọ́n bá gbé ọ̀kan sí ipò èkejì, táàmínà ò ní bá a mu, ni àwọn kan á bá ki ìṣó tàbí kọ́ìnì bọ̀ ọ́. Ìṣó yẹn á gbé iná dáṣíbọ́ọ̀dù àti rédíò, torí iná díẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́. Sìtátà ń fa áḿpíà tó ju 100 lọ, kò lè gba ẹnu ìṣó kọjá. Ẹ di táàmínà mú kí ẹ fi ọwọ́ yí i: tó bá yí, ẹ ti rí i.

Áàtì náà ńkọ́? Ẹ fi ẹnu mítà kan sórí bátìrì tó jẹ́ ti òdì (−), kí ẹ fi èkejì sára irin ẹ́ńjìnnì, kí ẹnì kan yí kọ́kọ́rọ́. Tí mítà bá ju ìdajì fọ́ọ̀tì kan lọ, wáyà áàtì ò dáa. Ẹni tó bá gbé ẹ́ńjìnnì tàbí gíà sọ̀ kalẹ̀ máa ń gbàgbé wáyà yìí gan-an.

Wọ́n fi aláàmù àti tírákà sí mọ́tò mi. Láti ìgbà náà, ó máa ń sìtáátì lọ́jọ́ kan, á sì kọ̀ lọ́jọ́ kejì.

Tó bá jẹ́ pé ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo lè dáhùn, èyí ni màá mú. Aláàmù tí wọ́n ń fi sí mọ́tò níbí kì í ṣe kó kàn pariwo nìkan. Ẹni tó ń fi í sí i máa ń gé wáyà kan, ti sìtátà, ti ìgínísọ̀n tàbí ti pọ́ńpù epo, á wá fi rílè sáàárín kí olè má bàa gbé e lọ. Láti ọjọ́ yẹn, rílè kékeré tó fara pamọ́ sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ló ń pinnu bóyá mọ́tò máa ṣiṣẹ́.

Ibi mẹ́ta ni ó ti máa ń dà rú. Àkọ́kọ́ ni bí wọ́n ṣe so wáyà náà. Ọ̀pọ̀ ló ń fi eyín bó wáyà, wọ́n á lọ́ ọ pọ̀ mọ́ra, wọ́n á fi téèpù wé e. Lábẹ́ oòrùn wa, lẹ́ẹ̀mù téèpù á yọ́, wáyà á tú, ojú ọ̀nà tó ń mì á sì parí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń sìtáátì lónìí tó ń kọ̀ lọ́la. Ẹ ní kí wọ́n jó o pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n fi rọ́bà bò ó. Ìkejì ni rílè olówó pọ́ọ́kú. Rílè ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún ló wọ́pọ̀: 30, 85, 86, 87 àti 87a ni wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀. Láàárín 30 àti 87a, iná ń kọjá nígbà tí rílè bá ń sinmi. Láàárín 30 àti 87, àfi tó bá ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá lo 87 níbi tó yẹ kó lo 87a ti sọ mọ́tò di ẹrú aláàmù: ọjọ́ tí aláàmù bá kú, mọ́tò kú nìyẹn. Ìkẹta ni rìmóòtù. Bátìrì kékeré inú rẹ̀ ti rẹ̀ ẹ́, aláàmù ò gbọ́ pé ẹ ní kó ṣílẹ̀, ó ṣì dì í mú. Ẹ wo iná pupa tó ń ṣẹ́jú lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Tó bá ṣì ń ṣẹ́jú lẹ́yìn tí ẹ ti tẹ rìmóòtù, kò tíì tú u sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ aláàmù ní bọ́tìnì kékeré kan tí wọ́n fi pamọ́ tí ẹ lè fi dá a dúró. Ọjọ́ tí wọ́n bá fi aláàmù sí i ni kí ẹ béèrè ibi tó wà, kì í ṣe alẹ́ ọjọ́ tí ẹ dúró sí Ojódú.

Ti tírákà fẹ́ jọ ọ́. Ó ní káàdì síìmù nínú, ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó o sì lè pàṣẹ fún un láti gé epo. Tí àṣẹ yẹn bá ti wọlé, ó lè má tú u sílẹ̀ títí wọ́n á fi fi òmíràn ránṣẹ́. Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó tú ohunkóhun.

Ìdánwò rẹ̀? Kí ríwáyà yọ rílè yẹn kúrò, kó so wáyà tí wọ́n gé padà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Tí mọ́tò bá jí, ẹ ti mọ ẹni tó jẹ̀bi. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi tẹ́sítà kan wáyà tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ìyeyè lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù o, ti ẹ́ábáàgì ni. Kí wọ́n yọ orí òdì bátìrì, kí wọ́n sì dúró tó ìṣẹ́jú àáyá 90 kí ọwọ́ tó dé sàkáání sítíárìn.

Iná tó ní àwòrán kọ́kọ́rọ́ ń ṣẹ́jú lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ́ńjìnnì ń yí, kò gbaná.

Mọ́tò ò dá kọ́kọ́rọ́ mọ̀. Kọ́kọ́rọ́ ọ̀pọ̀ mọ́tò ìgbàlódé ní ẹ̀rọ bíńtín kan nínú orí rẹ̀, tí mọ́tò ń kà. Ẹni tó bá gé kọ́kọ́rọ́ tuntun fún yín láìkọ ọ́ wọ inú mọ́tò ti gé irin lásán: ó máa ṣílẹ̀kùn, ó máa yí sìtátà, epo ò ní dé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó gbé orí kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ sínú ilé tuntun tó sì ju ẹ̀rọ bíńtín náà nù mọ́ ike. Ẹ dán kọ́kọ́rọ́ kejì wò. Tó bá jẹ́ mọ́tò oníbọ́tìnì ni, ẹ gbé rìmóòtù lé bọ́tìnì náà kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Bí bátìrì rìmóòtù tilẹ̀ kú, ọ̀pọ̀ wọn á ṣì kà á bẹ́ẹ̀. Mọ́tò oníbọ́tìnì tún gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹ tẹ búréèkì. Bí iná búréèkì ẹ̀yìn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ bá ti jó fíùsì rẹ̀, bọ́tìnì lè má dáhùn.

A pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, kọ́ìlì àti sẹ́ńsọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń yí, kò gbaná.

Ẹ wò ó, èyí gan-an ni mi ò fẹ́: nǹkan mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló yẹ kí wọ́n máa pààrọ̀ wọn, kí wọ́n máa sìtáátì rẹ̀ láàárín. Ó ti ṣẹlẹ̀ ná.

Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ibi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ń tàn, kí ẹ wo iná “check engine”. Ó gbọ́dọ̀ tàn kí ẹ́ńjìnnì tó jí. Tí kò bá tàn rárá, iná ò dé bíréènì bọ́ọ̀sì, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì. Ẹ wo fíùsì tí wọ́n kọ EFI, AM2 àti IG2 sí tó bá jẹ́ Toyota, kí ẹ sì wo rílè EFI. Tó bá tàn, ẹ yí i, kí ẹ máa wo abẹ́rẹ́ tó ń ka bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí. Lọ́pọ̀ mọ́tò, abẹ́rẹ́ yẹn á gbéra díẹ̀. Tó bá dúró sórí òdo, sẹ́ńsọ̀ kírańkì, èyí tó ń sọ fún bíréènì bọ́ọ̀sì pé ẹ́ńjìnnì ń yí, ò sọ̀rọ̀, àti pé ayédèrú sẹ́ńsọ̀ kírańkì kún ọjà. Síkáànù, ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe mọ́tò, lè mú kóòdù P0335 wá fún un, tàbí P0340 fún ti káàmù.

Ní ti kọ́ìlì: mọ́tò tó ń lo kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan lórí púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan, tí ọ̀kan bá kú, á sìtáátì, á máa gbọ̀n. Kó kọ̀ jálẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kọ́ìlì kan. Mọ́tò àtijọ́ tó ń lo wáyà púlọ́ọ̀gì ni kí ẹ bẹ̀rù: tí wọ́n bá to wáyà rẹ̀ gba ibòmíì, kò ní gbaná, á sì lè máa yìnbọn láti ẹnu ẹ́gísọ́ọ̀sì. 1-3-4-2 ni ètò bí iná ṣe ń tọ púlọ́ọ̀gì lẹ́sẹẹsẹ nínú ẹ́ńjìnnì onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin ti Toyota.

Sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́, ìyẹn MAF, rọrùn láti dán wò. Ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kí ẹ sìtáátì. Tí mọ́tò bá jí nígbà tí ẹ yọ ọ́, tó sì kú nígbà tí ẹ fi í sí i, ẹ mọ ibi tí ẹ ti máa gba owó yín padà.

Tí ẹ bá ti yí i pẹ́, epo lè ti rin púlọ́ọ̀gì. Ẹ tẹ tọ́tù (èyí tí ẹ fi ń fún mọ́tò lépo) dé ilẹ̀, kí ẹ yí i fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Lọ́pọ̀ mọ́tò, bíréènì bọ́ọ̀sì á gé epo láti jẹ́ kó gbẹ. Ẹ má yí sìtátà ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ kó sinmi.

Wọ́n pààrọ̀ pọ́ńpù epo. Mi ò gbọ́ “zìììì” tó máa ń dún. Ṣé pọ́ńpù náà ò dáa?

Kò dájú. Ọ̀pọ̀ Toyota wà tí pọ́ńpù rẹ̀ kì í dún tí ẹ bá ṣí kọ́kọ́rọ́ lásán, àfi ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí. Kí ẹnì kan yí i, kí ẹlòmíì gbé etí sẹ́bàá táńkì. Tí ó bá ń dún àmọ́ tí kò gbaná, kí wọ́n fi géèjì wọn agbára tó fi ń ti epo: ti Corolla 2003 sí 2008 yẹ kó wà láàárín 44 sí 50 psi. Ayédèrú pọ́ńpù a máa dún bí ojúlówó, kò kàn ní lè gbé epo sókè. Tó bá dákẹ́ jẹ́ẹ́, ẹ wo fíùsì, ẹ wo rílè, ẹ wo sọ́kẹ́ẹ̀tì abẹ́ àga ẹ̀yìn, kí ẹ sì rántí aláàmù tí a sọ lẹ́ẹ̀kan.

Láti ìgbà tí mo ti fi CNG sí i, ó máa ń ṣòro láti sìtáátì láàárọ̀.

Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo kúrò ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí ìjọba sì gbé ètò CNG jáde, ìbéèrè yìí ò tán lẹ́nu èèyàn. Ohun tí àwọn tó ń fi í sí i kì í ṣàlàyé tó ni pé ọ̀pọ̀ kíìtì náà ń fi bẹntiróòlù sìtáátì. Tí omi ẹ́ńjìnnì bá gbóná dé ibi tí wọ́n ṣètò, ìgbà náà ló máa yí sí gáàsì. Onímọ́tò wá rò pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ epo, ó jẹ́ kí táńkì gbẹ. Epo tó wà nínú táńkì ló ń mú kí pọ́ńpù tutù. Tó bá ti ń ṣiṣẹ́ lórí gbígbẹ, ó máa jóná, mọ́tò á wá kọ̀ láàárọ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé sìlíńdà gáàsì kún. Ẹ máa fi epo sí i, ó kéré tán kó tó ìdá kan nínú mẹ́rin táńkì, kí ẹ sì máa jẹ́ kó fi epo rìn díẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Èkejì ni wáyà. Kíìtì náà gé wáyà nọ́sù epo (ẹnu tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì), ó sì gba ara rẹ̀ kọjá, kó lè pa nọ́sù bó bá yí sí gáàsì. Tí ìsopọ̀ kan níbẹ̀ bá tú, nọ́sù ò ní ṣí. Tí bọ́tìnì ìyípadà bá di sórí gáàsì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, ẹ tẹ̀ ẹ́ padà sí epo kí ẹ tó sìtáátì. Ọ̀pọ̀ kíìtì ní ọ̀nà tí ẹ fi lè fi gáàsì sìtáátì tí epo bá kọ̀ pátápátá; ẹni tó fi í sí i ló yẹ kó kọ́ yín.

Ẹ má fọwọ́ kan páìpù tàbí sìlíńdà o. Agbára tí gáàsì fi ń ti inú rẹ̀ lè tó 200 bar. Ríwáyà bíi tèmi ò gbọdọ̀ tú u, mẹkáníìkì yín náà ò gbọdọ̀. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ nìkan.

Rédíò ńlá tí mo fi sí i ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n tí mọ́tò bá sùn ọjọ́ méjì, bátìrì á kú.

Wọ́n so wáyà ìgínísọ̀n rédíò mọ́ iná tí kì í kú. Rédíò náà ò sùn, ó kàn pa ojú dé. Ẹ ti mọ́tò pa, kí ẹ dúró bí ìdajì wákàtí, kí ríwáyà fi mítà sáàárín orí òdì bátìrì àti wáyà rẹ̀. Tó bá ju 50 mílíámpíà lọ, kí ó máa yọ fíùsì lọ́kọ̀ọ̀kan títí mítà á fi wálẹ̀. Ẹ̀rọ ìgbóhùnsókè, kámẹ́rà ojú mọ́tò àti tírákà náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Sìtátà tòkunbọ̀ tí mo rà dún dáadáa ní ṣọ́ọ̀bù. Nínú mọ́tò, ó ń sáré “wíìì” lásán.

Eyín rẹ̀ ò mú eyín ẹ́ńjìnnì. Ẹ ka eyín rẹ̀ mọ́ ti àtijọ́, kí ẹ sì fi gígùn imú rẹ̀ wé e. Bó bá dákẹ́ pátápátá, kí wọ́n wo wáyà kékeré ẹ̀gbẹ́ wáyà ńlá, ó sábà máa ń wà láìso. Ẹ tún gbìyànjú gíà lórí N. Bó bá jí lórí N tó kọ̀ lórí P, sìtátà yín ò ní àbùkù, súìṣì gíà ni.

Wọ́n gbé wáyà bátìrì sórí òdì kejì, iná sọ “páà!”. Ṣé mọ́tò ti kú?

Kò tíì kú dandan. Fíùsì ńlá tó wà nítòsí bátìrì ló sábà máa ń fara gbá a, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ó kan ọ́tánétọ̀, ẹ̀rọ tó ń fi iná sí bátìrì. Ẹ ra fíùsì tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu, ẹ má fi wáyà dè é. Tí mọ́tò bá jí, kí wọ́n wọn bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́: láàárín 13.8 sí 14.5 ló yẹ kó wà.

Mẹkáníìkì ní bíréènì bọ́ọ̀sì ló bàjẹ́. Ṣé kí n ra tòkunbọ̀?

Ẹ bi í pé kí ló fi mọ̀. Bíréènì bọ́ọ̀sì máa ń bàjẹ́, pàápàá tí omi bá wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n òun ló yẹ ká fura sí kẹ́yìn, lẹ́yìn tí a bá ti rí i dájú pé iná ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ àti pé àwọn áàtì rẹ̀ mọ́. Èyí tí ẹ bá gbé wá láti ara mọ́tò mìíràn kò mọ kọ́kọ́rọ́ yín, ẹ́ńjìnnì lè máa yí kó má gbaná láéláé àfi tí wọ́n bá mú wọn mọ ara wọn. Owó lẹ ti ná, ẹ sì ti dá ìṣòro kejì sílẹ̀.

Ṣé mo lè ní kí àwọn ọmọ ti mọ́tò kó lè jí?

Tó bá jẹ́ gíà àfọwọ́fà, tó sì jẹ́ pé bátìrì ló rẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni. Gíà ọ̀tómátíìkì, rárá.

Báwo ni mo ṣe máa ra páátì tí kò ní dá mi dúró?

Yálà ọjà Ládípọ̀ l’Ékòó ni ẹ lọ tàbí Àràrọ̀mí ní Gate, n’Íbàdàn, ẹ gbé páátì àtijọ́ dání. Ẹ fi nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ wé ti tuntun, kí ẹ ka ẹsẹ̀ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Pálí tó lẹ́wà ò jẹ́rìí nǹkan kan, àwọn tó ń ṣe ayédèrú náà ń tẹ pálí. Fún sẹ́ńsọ̀, ojúlówó tòkunbọ̀ tẹ́ mi lọ́rùn ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ; fún pọ́ńpù epo àti púlọ́ọ̀gì, mi ò ní ra tòkunbọ̀ láé. Kí ẹ tó san owó iṣẹ́ tán, kí wọ́n sìtáátì rẹ̀ lójú yín, kí wọ́n jẹ́ kó gbóná, kí wọ́n pa á, kí wọ́n tún sìtáátì rẹ̀. Tó bá jẹ́ aláàmù ni wọ́n fi sí i, ẹ ní kí wọ́n fi àwòrán wáyà tí wọ́n gé ránṣẹ́ sórí WhatsApp yín.